Àwọn Tó Ń Wo Inú Àmù

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fa bẹ́ǹṣì yẹn sún mọ́ mi, torí etí mi ṣì ń gbọ́ran dáadáa, ojú ló ń ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́sàn-án gangan. Mo ti ń gbọ́ yín láti àárọ̀ tí ẹ ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kígbe kiri títì, pé kí oníkálukú sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, kí oníkálukú fọ ọwọ́ rẹ̀, pé ara wa ilé Ọlọ́run ni. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ ní àlùfáà ìjọ wa ló ní kí ẹ wá bi mí bí àwa ará àtijọ́ ṣe ń lé ibà àti ìgbẹ́ gbuuru jìnnà sílé, kí ẹ lè rí ohun sọ fún ìjọ lọ́la. Màá sọ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ̀bẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́kadà tó ń fun fèrè níta yẹn kó yín lọ kí n tó débẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ dákẹ́ ná. Kí lẹ gbọ́? Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, àbí? Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Kò sí nǹkan kan mọ́. Sátidé lónìí o! Ní ayé ìgbà tiwa, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, abúlé yìí á máa dún. Ẹ ó gbọ́ yanrìn lára ìkòkò, ṣàà, ṣàà, láti ilé dé ilé. Ẹ ó gbọ́ ewé ìpín tí wọ́n fi ń ha igbá. Àwọn obìnrin á máa pe ara wọn láti ẹ̀yìnkùlé: “Ṣé o ti da tìẹ nù?” “Mò ń dà á lọ́wọ́!” Nígbà tó bá yá, agogo ọwọ́ katikíìsì á dún, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé àwa Awòkòkò ti jáde. Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tó ń dùn mí jù lọ lọ́jọ́ ogbó yìí, kì í ṣe orúnkún o, kì í sì í ṣe ibà tó ń mú mi lọ, tó ń mú mi bọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ Sátidé ni.

Awòkòkò ni orúkọ tí àwọn ẹlẹ́yà fún wa, orúkọ náà sì mọ́ wa lára. Ẹ̀yin tí ẹ bá ẹ̀rọ omi láyé, ẹ ò lè mọ̀ pé gbogbo ilé ló ní àmù nígbà náà, ìkòkò ńlá tí wọ́n rì sílẹ̀ díẹ̀ ní igun yàrá, tí omi inú rẹ̀ máa ń tutù ju omi fíríìjì yín lọ. Omi odò ni, tàbí omi òjò tí a gbè lábẹ́ páànù. Ibẹ̀ la ti ń mu, ibẹ̀ la ti ń bu ti ọbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin rẹ̀ sí. Tí ẹyin náà bá pa, á di tanwíjí, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn tí ń jà ràn-ìn-ràn-ìn nínú omi. Lójú àwọn ìyá wa, tanwíjí kì í ṣe nǹkan kan. Wọ́n á ní omi tó bá ní tanwíjí, omi tó dára ni, torí nǹkan ẹlẹ́mìí ò lè gbénú májèlé. Wọ́n á fi igbá gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á bu omi mu.

Ọdún kan wá dé tí ibà kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ lábúlé yìí, tó fi jẹ́ pé à ń ti ìsìnkú kan bọ́ sí òmíràn. Ọjọ́ Àìkú kan, katikíìsì wa gorí àga ìwàásù. Ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, awò ojú rẹ̀ kì í dúró lórí imú. Gbogbo ìjọ ń retí kó dárúkọ àjẹ́, àwọn kan tiẹ̀ ti ń fi ojú wá ẹni tí wọ́n fẹ́ wò. Ó ní: “Ẹ máa gbàdúrà, mo ń bá yín gbà á. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ní ká máa gbàdúrà náà ló fún Mósè lófin lórí ohun èlò tí kò bá ní ìdérí. Ta ni nínú yín tó dé àmù rẹ̀ kó tó wá síbí láàárọ̀ yìí?” Ìyá arúgbó kan ló dáhùn láti ẹ̀yìn, ó ní: “Katikíìsì, Mósè ò gbé lọ́nà Ìjoun, kò mọ bí omi ṣe wọ́n.” Ẹ̀rín sọ. Katikíìsì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́, pé àwa la fi ọwọ́ ara wa lanu ògiri fún ibà. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú agogo rẹ̀, àwa ọ̀dọ́ ìjọ sì tẹ̀ lé e.

Inú àmù ṣókùnkùn, ẹ ò lè rí ìdí rẹ̀. Mo wá gbé dígí tí mo fi ń fárí mi wá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń ràn, mo fi mú ìmọ́lẹ̀, mo sì jù ú sínú àmù látòkèèrè. Omi mọ́lẹ̀ kedere dé ìsàlẹ̀. Bí tanwíjí bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i tó ń yí gbirigbiri sá lọ sísàlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Onídígí. Ojú mi dá ṣáṣá nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ yìí. Mo lè rí tanwíjí kan ṣoṣo nínú àgbá omi. Dígí náà ló wà lára ògiri yẹn, ibi tó dúdú díẹ̀ létí yẹn, ó ti dógùn-ún ni.

Ẹ má rò pé bí ọlọ́pàá la ṣe ń wọlé tọ àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Méjì méjì la máa ń lọ, a ó kan ilẹ̀kùn, a ó kí onílé, a ó béèrè àwọn ọmọ, a ó béèrè oko, kí a tó wá ní: “Ẹ jẹ́ ká fojú kan omi yín.” Ohun tí a bá rí, a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ níta. Tí ó bá mọ́, katikíìsì á gbé ọwọ́ lé etí àmù, á ní: “Olúwa, má jẹ́ kí ohun tí à ń mu pa wá.” Àdúrà náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, onílé á ṣe àmín, ó parí. Tí tanwíjí bá wà níbẹ̀ ńkọ́? A kì í bá onílé wí. Ẹni tó rí i náà ni yóò bá onílé gbé omi náà dànù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò bá a fọ àmù, yóò lọ bá a pọn òmíràn, yóò sì padà wá ní Sátidé kejì láti wò ó bóyá ó ti mọ́. Òfin wa ni: ẹni tó rí tanwíjí ló ni ín. Kò sí bí òjò ṣe lè pọ̀ tó, o gbọ́dọ̀ padà lọ.

Ọjọ́ kan, katikíìsì tẹ̀ mọ́ àmù ìyá arúgbó tó sọ̀rọ̀ Mósè yẹn, awò ojú rẹ̀ bá já bọ́, ó di inú omi, tòò! Gbogbo wa fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Ìyá náà ní: “Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, katikíìsì. Ó ti ń wo ìdí àmù mi fúnra rẹ̀ báyìí, kò sí ìdí fún yín láti máa wá mọ́.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú. Àmù tó kún dẹ́múdẹ́mú la sì dà tán kí a tó rí awò yọ, èmi ni mo pọn omi padà.

Ibi iṣẹ́ yẹn náà ni mo ti rí aya. Dọ́káàsì ni orúkọ rẹ̀. Mo ju ìmọ́lẹ̀ sínú àmù ìyá rẹ̀, tanwíjí kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọmọbìnrin náà dúró níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní: “Onídígí, ṣé ojú ẹ ò rí ibòmíì wò ju àmù ìyá mi lọ?” Òfin lòfin, mo padà lọ ní Sátidé kejì, ó mọ́. Mo tún padà lọ ní ìkẹta. Ìyá rẹ̀ ní: “Ṣebí o ní ó ti mọ́, kí lo tún ń wá?” Dọ́káàsì ló bá mi dáhùn, ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé bóyá mo fẹ́ wo ìdérí. A gbé pọ̀ títí irun wa méjèèjì fi funfun.

Aládùúgbò mi, Làmídì, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri yẹn, mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ló ti ń ṣe Awòkòkò. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbẹ̀rù ti wà lọ́kàn mi pé yóò lé wa. Ó wo inú àmù pẹ̀lú wa, ó mọ́. Ó wá lọ gbé búta tó fi ń ṣe àlùwàlá wá, ó ní: “Onídígí, ẹ bá mi wo ọ̀fun eléyìí náà, torí ara ń fu mí sí i.” Ẹ gbà mí gbọ́, inú ọ̀fun búta ni tanwíjí sá sí! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìmọ́tótó jẹ́ ara ìgbàgbọ́ lọ́dọ̀ tiwọn náà, pé òun ń tẹ̀ lé wa lọ. Láti ìgbà náà, èmi àti òun la jọ ń rìn. Bí katikíìsì bá gbàdúrà létí àmù, Làmídì ló máa ń ṣe àmín tó ròkè jù.

Sátidé tó ṣáájú Ìkórè ló máa ń jẹ́ ọdún wa. Gbogbo ilé á gbé àmù àti ìkòkò wọn síta, wọ́n á da ojú wọn bolẹ̀ nínú oòrùn, láti ìdí ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ojú ọ̀nà odò. Èyí tí a bá yẹ̀ wò tó mọ́, a ó fi ẹfun sàmì sí i nídìí. Àwọn ọmọdé á máa sá kiri láàárín ìkòkò, ìyá wọn á máa pariwo pé kí wọ́n má fọ́ nǹkan, wọ́n á sì fọ́ ọ. A ó se iṣu tuntun, a ó jẹ ẹ́ lójú títì níbẹ̀ pẹ̀lú epo àti iyọ̀. Òórùn amọ̀ tí oòrùn pa, tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ nínú oorun mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó kù, torí mo ti gbọ́ ọlọ́kadà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá kan wà tí a ń pè ní Ìyá Eléèlùbọ́, opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọnu. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá dé ibẹ̀, tanwíjí. A ó dà á nù, a ó fọ àmù, a ó pọn omi, a ó fún un ní ìdérí tuntun. Sátidé kejì, tanwíjí. Àwa ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìyá yìí dọ̀tí. Dọ́káàsì ló fura. Ó lọ bá a láàárín ọ̀sẹ̀, ó bá ìdérí lórí àjà, àmù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá náà kò purọ́. Ó ní: “Tó bá mọ́, ẹ ò ní padà wá.”

Nígbà tí Dọ́káàsì délé, tó sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ni mo rín. Kò bá mi rín in. Ó ní láti òní lọ, tí omi ìyá náà mọ́ o, tí kò mọ́ o, òun á máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó sì ń lọ. Láti ọjọ́ náà, a ò rí tanwíjí kan nílé Ìyá Eléèlùbọ́ mọ́, ibà rẹ̀ náà sì dúró.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹ̀rọ omi dé. Mo yin Ọlọ́run fún un, ẹ má rò pé mo ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù ṣe gbẹ́ tirẹ̀ tán, ló bá mọ ògiri yí i ká, ó fi géètì sí i. Àmù di kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì di omi inú ọ̀rá. Àwọn ọ̀dọ́ ṣí lọ sí Ìlaròó, wọ́n lọ sí Ṣàngó, wọ́n lọ sí Èkó. Katikíìsì kú. Tanwíjí kò kú ní tirẹ̀, ó ṣí kúrò nínú àmù lọ sínú táyà àlòkù àti ọ̀rá tí ẹ ń jù sí gọ́tà. Kò sì sí ẹni tó lè kan géètì ẹlòmíì kó ní òun fẹ́ wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wọ́n á ní kí ló kàn án. Àwa tí à ń wo inú omi ara wa wá di ẹyẹ tí kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀.

Ògiri yẹn ni Làmídì kú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló mọ ògiri náà, kí olè má baà wọlé, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ìyàwó Làmídì ti kú ṣáájú, òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀ kùtù tó bá ń ṣe àlùwàlá, omi á máa ta sílẹ̀ látẹnu búta. Mo wá ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo ní bóyá ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìwòyè. Nígbà tí ọmọ náà dé, tó ṣí géètì, orí ẹní ló ti bá bàbá rẹ̀. Ibà ni. Ibà lásán, tí egbòogi kékeré kan láti ilé ìwòsàn ìjọba ìbá lé lọ! Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin tó mọ ìdí àmù gbogbo abúlé yìí, kò sí ẹnì kan tó wo inú yàrá rẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé lọ́jọ́ náà, ojú ò sì tì mí.

Dọ́káàsì náà ti lọ, ó ti pẹ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ń gbìyànjú. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní Kútọnu á fi Faransé kí mi ní “bọ́ńjúù, Bàbá”, màá ní “o ṣé, ọmọ mi”, ọ̀rọ̀ á sì tán láàárín wa. Inú ilé yìí kan náà ni mo wà, mo dá wà, ó sì ń dùn mí. Mi ò ní fi òwe bò ó mọ́lẹ̀ fún yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ má fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìkan ṣe é. Ẹ dá Awòkòkò padà. Ẹ máa wọ inú ilé lọ bá àwọn èèyàn, ní méjì méjì, pẹ̀lú ìkíni. Mi ò sọ ọ́ nítorí tèmi o. Àmù tèmi mọ́ ní tirẹ̀, mo ṣì ń lo àmù, gbogbo Sátidé ni mo ń fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí náà. Nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn géètì ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìwọ ọmọbìnrin, níbo lò ń lọ? Òùngbẹ ń gbẹ ọ́? Igbá wà lórí ìdérí, bù ú mu, omi tútù ni. Kí ni ìmọ́lẹ̀ yẹn? Iná fóònù ni. Ó dára, wò ó, ìwọ náà ti di Onídígí. Wò ó dé ìsàlẹ̀, kó o lè sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé bàbá arúgbó ò purọ́.

Kí lò ń nàka sí níbẹ̀ yẹn?

Tanwíjí?

Rárá. Ojú rẹ ló ń tàn ọ́, ìdọ̀tí amọ̀ ni. Jẹ́ kí n wá wò ó fúnra mi. Dá iná náà sí i dáadáa. Mi ò rí nǹkan kan. Mi ò rí nǹkan kan, ọmọ mi, ó kàn mọ́lẹ̀ lójú mi ni. Wọ́n pọ̀? Wọ́n ń sá lọ sísàlẹ̀? Háà. Ìyẹn ni pé gbogbo Sátidé tí mo ti ń fọ̀ ọ́ yìí, èmi àti wọn la jọ ń gbénú ilé. Abájọ tí ibà yìí ò fi kúrò lára mi.

Ẹ má wojú ara yín bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Èmi kọ́ ni Ìyá Eléèlùbọ́, mo fi Ọlọ́run búra. Mo dé e, àmọ́ agbára mi ò gbé e dà tán mọ́, ẹnu àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń fọ̀, màá sì bu omi tuntun lé ti àtijọ́. Ojú mi ló kú, mi ò sì mọ̀, torí kò sí ẹni tó ti bá mi wo inú àmù yìí láti ìgbà tí Dọ́káàsì ti lọ.

Ẹ sọ fún ọlọ́kadà yẹn kó ní sùúrù. Di etí àmù lápá kan mú, kí arákùnrin yẹn di apá kejì, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Yanrìn wà nínú agolo. Rọra, ó ti gbó, ó jù mí lọ díẹ̀. Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi? Fèyíṣayọ̀. O ṣeun, Fèyíṣayọ̀. O gbọ́ òfin wa, àbí o ò gbọ́ ọ? Èmi kọ́ ni mo ṣe é, bí mo ṣe bá a náà nìyẹn: ẹni tó rí i ló ni ín. Sátidé tó ń bọ̀, mi ò ní ti ilẹ̀kùn.